Iṣẹ́ Aláró Kì Í Padà

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìfẹ́ kì í pani lára, ẹ ní kó wá bá mi. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má fẹ́ràn ara yín o, ẹ má lọ fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Àmọ́ bí mo bá ti rántí ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńsù, ńṣe ni inú mi máa ń bàjẹ́ bíi pé èmi ni mo bí i.

Wọ́n ń pè é ní Pẹ́ńsù nítorí pé kò sígbà tí pẹ́ńsù kì í sí létí rẹ̀, òun náà sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ kéékèèké: ológbò tó de táì, ìgbín tó ń sáré, màlúù tó ń sunkún nítorí pé bàtà rẹ̀ já. Àwòrán tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, tí àwọn ọmọdé sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà, pẹ̀lú fáànù kan tó ń kérora bí ẹni tí eyín ń dùn. Ọ̀gá wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Pẹ́ńsù jókòó sáàárín, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Aláró sì jókòó lábẹ́ fèrèsé.

Aláró kò re aró rí láyé rẹ̀ o. Àwàdà ọ̀gá ni. Orí kọ̀ǹpútà ni tiẹ̀ wà. Bí Pẹ́ńsù bá ti ya àwòrán tán, tó sì kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, á fi ránṣẹ́ sí i. Òun á wá fi ètò tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe fa àwọ̀ náà sókè, kí pupa lè pọ́n, kí dúdú dú, kí ojú ẹranko náà hàn kedere. Tó bá ti parí, Pẹ́ńsù náà ló máa ń kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà.

Ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńsù ya òròmọdìyẹ kan tó gbé agboòrùn, ó kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìgbà tó máa fi padà láti ọ̀dọ̀ Aláró, ó ń tàn yòò.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kẹ́ ẹ dáná sun òròmọdìyẹ mi?"

Aláró ò bínú. "Dìde, lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà."

"Kí n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà? Ṣé ẹ̀yin lẹ gbà mí síṣẹ́ ni?"

"Lọ dúró síbẹ̀, kó o wá wo méjèèjì."

Pẹ́ńsù pòṣé, ó lọ. Aláró gbé àwòrán méjèèjì sójú kọ̀ǹpútà, bí wọ́n ṣe kéré gan-an, láì fẹ̀ wọ́n. Láti ẹnu ọ̀nà, èyí tí Pẹ́ńsù kùn dà bí ibi tí omi ọsàn dà sí lára ìwé. Òròmọdìyẹ Aláró ń wò ó lójú, ẹnu rẹ̀ yọ, agboòrùn rẹ̀ yọ.

"Nǹkan kékeré kì í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́," ni Aláró wí. "Tí kò bá pariwo, wọn ò ní gbọ́ ọ. Àmọ́ ó níbi tí ariwo ti ń di ìsọkúsọ. Mímọ ibẹ̀ niṣẹ́."

Pẹ́ńsù fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ó dáa, ẹ kọ́ mi," ló sọ.

Bó ṣe di pé ó kọ́ ọ nìyẹn. Ó fi ibi tí wọ́n ti ń fa ìmọ́lẹ̀ sókè hàn án, àti ibi tí wọ́n ti ń mú kí àwọ̀ ki. Ó kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí pupa àti àwọ̀ ewé jókòó ti ara wọn láìsí ilà dúdú láàárín, nítorí pé wọ́n á jà. Ó kọ́ ọ pé kí iṣẹ́ tó jáde, kó lọ dúró lókèèrè wò ó. Ọwọ́ wọn ń pàdé lórí máòsì, ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í tètè mú tiẹ̀ kúrò. Kò pẹ́ kò jìnnà, "ẹ̀gbọ́n" ti di "ìwọ".

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọ̀gá lọ jẹun, Aláró yí àga rẹ̀ padà.

"Mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ kan."

"Ọ̀rọ̀ àwòrán àbí ọ̀rọ̀ ẹnu?"

"Mi ò lówó. Mi ò nílé, ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lèmi àti bàbá mi ń gbé. Bàbá mi ò ríran. Àmọ́ mo fẹ́ ẹ."

Pẹ́ńsù wò ó títí. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọnu ìfẹ́ sáwọn ọmọbìnrin nílé yín nìyẹn? O ò tiẹ̀ ní fa àwọ̀ ẹ̀ sókè díẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Pẹ́ńsù ti gbà á láti ọjọ́ òròmọdìyẹ, ẹnu lásán ló kù. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ó bi í léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Ojú bàbá yín yẹn, ṣé àìsàn ìdílé ni?"

"Bàbá bàbá mi, bàbá mi. Bó ṣe ń rìn bọ̀ nìyẹn."

"Ìwọ wá ńkọ́? Ṣé o ti jẹ́ kí dókítà wò ọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò purọ́ fún ẹ. Tí mo bá ti rí ẹnu géètì ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ mi á kọ̀. Iṣẹ́ mi ni mo fi ń yẹ ojú ara mi wò. Tí àwọ̀ bá ti ń tàn mí jẹ, oníbàárà á dá iṣẹ́ padà. Ọjọ́ tí ẹyọ kan bá padà nítorí àwọ̀, mo búra fún ẹ, ọjọ́ náà ni mo máa lọ."

"Kò sì padà rí?"

"Kò padà rí."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé, iná jó dórí kókó. Àǹtí Aránṣọ, àbúrò ìyá Pẹ́ńsù, ni wọ́n fi ṣe alárinà, nítorí pé obìnrin náà lè fi ẹnu yọ ìgbín nínú ìkarahun. Ọ̀gá Pẹ́ńsù pàápàá, òun ló ń rán ṣòkòtò fún. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní pálọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú oyin.

"Ọmọ bàbá afọ́jú tó ń gba iwájú ilé wa kọjá yẹn?" Ìyá Pẹ́ńsù gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ká má rí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú bàbá rẹ̀ kọ́ lọmọ yín fẹ́ fẹ́ o."

"Ojú kan náà ni. Ìwọ ò mọ̀, wọn ò tíì bí ẹ nígbà yẹn. Láti kékeré ni mo ti ń fa ọ̀pá bàbá wa. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ síléèwé, èmi ń sọ pé, 'Bàbá, kòtò wà níwájú. Bàbá, ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè.' Mi ò wá ní fi ọmọ tí mo bí ṣe ọ̀pá fún ẹnikẹ́ni."

Pẹ́ńsù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Kò bínú sí ìyá rẹ̀. Ìyẹn ló tiẹ̀ wá mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i.

"Iṣẹ́ àwọ̀ lọmọkùnrin yẹn ń ṣe," ni Àǹtí Aránṣọ tẹnu mọ́ ọn. "Tójú rẹ̀ bá ń ṣe é, ṣé wọn ò ní ti lé e dànù? Mo bi ọ̀gá wọn. Ó ní iṣẹ́ Aláró kì í padà."

Ìyá tún gbé ife tíì rẹ̀ sókè. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó. Àmọ́ ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ padà nítorí ojú, kí ẹnikẹ́ni má tún dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí."

Ẹ ò rí nǹkan? Ohun kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà fi ń wo ojú ara rẹ̀, òun náà ni ìyá ìyàwó fi ń wò ó. Ọwọ́ Pẹ́ńsù sì ni ohun náà ń gbà kọjá.

Ọdún kan yípo, òmíràn gorí rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Pẹ́ńsù ṣí iṣẹ́ tó fẹ́ fi ránṣẹ́, erin kéékèèké tó ń jó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo wọn pọ́n bíi pé wọ́n gbá wọn létí. Ó rò pé oorun ló kun Aláró lójú, ó fa pupa náà wálẹ̀ díẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Ta ni kì í ṣe àṣìṣe?

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọ̀ ojú sánmà ti ki jù. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀ ìyeyè ń gún ni lójú, ilà dúdú nípọn bí okùn bàtà. Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí Aláró ṣe kọ́ ọ, ó wò ó. Ariwo ti di ìsọkúsọ.

Ó wo ọkùnrin náà lábẹ́ fèrèsé. Ó ń fi ẹnu súfèé, ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ṣé ó dáa?" ló béèrè láì yíjú.

Ọlọ́run mi, ìdáhùn tí Pẹ́ńsù fún un yẹn! "Ó dáa gan-an," ló sọ.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, tí Aláró ti lọ fún bàbá rẹ̀ lóúnjẹ, Pẹ́ńsù á kó gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀, á máa fa àwọ̀ wọn wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi ìmọ̀ tí Aláró fún un bo Aláró láṣìírí. Bó bá ń ṣe é, ọkàn rẹ̀ máa ń pín sí méjì. Ọ̀kan á ní, "Jẹ́ kí ẹyọ kan padà. Ẹyọ kan péré, á lọ rí dókítà." Èkejì á ní, "Bó bá padà, ọ̀gá á gbọ́. Bí ọ̀gá bá gbọ́, Àǹtí Aránṣọ gbọ́. Bí Àǹtí gbọ́, Màmá gbọ́, ó parí." Ó máa ń fi ọ̀rọ̀ kan tu ara rẹ̀ nínú, pé bí àwọn bá ti ṣègbéyàwó tán, òun fúnra òun lòun á fi ọwọ́ òun fà á lọ sí ilé ìwòsàn, ó fẹ́, ó kọ̀. Àwọn àfẹ́sọ́nà mìíràn tiẹ̀ ti ń wo ilé tí wọ́n á gbé, ọ̀rọ̀ Pẹ́ńsù àti Aláró ṣì wà níbi "ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Bẹ́ẹ̀ ni oṣù ń gorí oṣù. Aláró bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Ó ń tẹ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn mọ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní yàrá náà ti há jù. Pẹ́ńsù náà ń bá a rẹ́rìn-ín. Títí ọjọ́ tó tàsé àkàsọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Pẹ́ńsù tẹ̀ lé wọn.

Dókítà náà kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní nǹkan kan ló ń tẹ ojú náà látinú, tó ń jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, òògùn á kàn bá wọn di èyí tó kù mú fúngbà díẹ̀.

"Ó yẹ kó o ti wá láti bí ọdún kan sẹ́yìn," ló sọ. "À bá ti dá púpọ̀ nínú ẹ̀ dúró. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ àwọ̀, ṣé àwọ̀ ò ti máa tàn ẹ́ jẹ ni?"

"Rárá o, dókítà," Aláró dáhùn, ó tiẹ̀ gbé àyà sókè. "Iṣẹ́ mi ò padà rí. Ẹ bi í, òun ló ń bá mi fi í ránṣẹ́."

Gbogbo wọn yíjú sí Pẹ́ńsù. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ìròyìn dé ilé, Pẹ́ńsù ti múra sílẹ̀ de ariwo. Ìyá rẹ̀ ò pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, Àǹtí Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

"Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?" ni ìyá bi í.

"Mo fẹ́ ẹ, Màmá."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe rò ó." Ó mí kanlẹ̀. "Ohun tí mò ń sá fún ti dé, kí ni mo tún ń sá sí? Bàbá mi tí mo fà lọ́pá yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Mi ò sọ ìyẹn fún yín rí. Lọ fẹ́ ọkọ rẹ, mo gbà."

"Háà! Ẹ̀gbọ́n mi!" ni Àǹtí Aránṣọ kígbe, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó níbi tó wà.

Ìyá gbé ọwọ́ sókè kó dákẹ́. "Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ sọ fún ẹ, torí pé mo mọ iṣẹ́ náà. Má purọ́ fún un. Bó ti wù kó kéré tó. Ẹni tí kò ríran, ẹnu ẹni tó ń fà á lojú rẹ̀. Tí kòtò bá wà, sọ pé kòtò wà."

Pẹ́ńsù bú sẹ́kún. Àwọn méjèèjì rò pé ayọ̀ ni, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, Aláró wá kó ẹrù rẹ̀ níbi iṣẹ́, nítorí pé dókítà ní kó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró dè é nísàlẹ̀. Ọ̀gá ti jáde, bóyá ojú ló ń tì í. Àwọn méjì péré ló kù pẹ̀lú fáànù.

"Màmá ti gbà," ni Pẹ́ńsù sọ.

"Ta ló gbà kí ni?"

"Màmá mi. Wọ́n ní ká fẹ́ra wa."

Aláró fò dìde, orúnkún rẹ̀ gbá tábìlì, kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. "Pẹ̀lú ojú tí mo ní yìí?"

"Pẹ̀lú ojú náà."

Ẹ̀rín rẹ̀ gba gbogbo yàrá náà. Mo sọ fún yín, bí Pẹ́ńsù bá dákẹ́ nígbà yẹn, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ láéláé. Ọkọ ti di tirẹ̀, ìyá ti gbà, àṣírí wà lọ́wọ́ òun nìkan. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbádùn.

"Jókòó," ló sọ. "Ọ̀rọ̀ tí dókítà bi ẹ́ yẹn, pé ṣé àwọ̀ ò ti máa tàn ẹ́ jẹ. Ó ti ń tàn ẹ́ jẹ, ó pẹ́. Èmi ni mò ń tún un ṣe kí n tó fi ránṣẹ́. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí kò fi ń padà."

Kò kọ́kọ́ yé Aláró. "Tún kí ni ṣe?"

"Àwọ̀. Gbogbo ẹ̀."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ṣí i kí n wò ó. Tèmi àti tìẹ."

Ó ṣí i. Ẹja kékeré kan tó dé fìlà, méjì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Aláró sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kan gíláàsì.

"Èwo ni tèmi?"

"Tọwọ́ òsì."

Ó wo tòsì, ó wo tọ̀tún, ó tún padà sí tòsì. "Ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi," ló sọ.

Pẹ́ńsù pa kọ̀ǹpútà náà.

"Mo sọ fún ẹ pé ọjọ́ tí ẹyọ kan bá padà ni mo máa lọ. Ṣé o rántí?"

"Kò sọ́jọ́ tí mi ò rántí. Ẹ̀rù bà mí pé Màmá á gbọ́, pé mi ò ní rí ẹ fẹ́. Mo ní tá a bá ti ṣègbéyàwó, èmi fúnra mi á mú ẹ lọ."

Ì bá pariwo, à bá ní ìrètí ṣì wà. Kò pariwo.

"Ti ojú kọ́," ló wá sọ. "Èmi náà ni mo sá fún dókítà, mi ò ní kó gbogbo ẹ̀ lé ẹ lórí. Àmọ́ láìpẹ́, ohun tó o bá sọ pé ó wà níwájú mi ni màá gbà pé ó wà níbẹ̀. Tó o bá ní ilẹ̀ tẹ́jú, màá gbẹ́sẹ̀. Tó o bá ní ọmọ wa ń rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé o ò tíì tún un ṣe?"

Pẹ́ńsù kúnlẹ̀. "Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti òní lọ, bó bá ṣe rí ni màá ṣe sọ ọ́. Tó bá burú, màá ní ó burú. Dákun, mo bẹ̀ ẹ́, gbà mí gbọ́."

Ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ó fẹ́ ẹ gan-an ni. Ojú rẹ̀ ti ń rọ̀, ó ti tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé ó ń fetí wá a.

"Ṣé ò ń sunkún?" ló bi í, ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀.

Pẹ́ńsù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó mí sínú, ó gbé ohùn rẹ̀ dúró. Ìbànújẹ́ tó wà lọ́rùn ọkùnrin yìí ti pọ̀ tó, kò fẹ́ fi tirẹ̀ kún un.

"Rárá o," ló sọ. "Mi ò sunkún."

Aláró na ọwọ́ jáde. Ọwọ́ náà wá a díẹ̀ kó tó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Omi ojú ti rin ín dé àgbọ̀n. Ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀, kò nù ún, kò sì tètè kúrò. Ìgbà tó yá, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Bá mi pe ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ. "Kó wá mú mi sọ̀kalẹ̀."

Pẹ́ńsù dìde, ó lọ pè é.